Purotéènì LEA

Purotéènì LEA ni orúkọ tí a fún ọ̀wọ́ àwọn purotéènì kan tí ohun ọ̀gbìn máa ń pèsè sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nígbà tí omi ibẹ̀ bá ń tán lọ, kí sẹ́ẹ̀lì náà má baà bàjẹ́ bí ó ti ń gbẹ. Inú irúgbìn tí ó ń gbó lọ ni wọ́n ti máa ń pọ̀ jù. Wọ́n wà lára ohun tí ó mú kí hóró àgbàdo tí a fi kọ́ àjà ilé ìdáná láti ìgbà ìkórè ṣì lè hù nígbà tí òjò bá dé. Àwọn ewéko kan tí ó ń gbé orí àpáta ní irú agbára yìí nínú ewé wọn pàápàá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igi inú igbó kìjikìji, tí kòkó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò lè dáàbò bo irúgbìn wọn tó bẹ́ẹ̀: bí irúgbìn wọn bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn.

A lè rí oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lójú kan ní agbègbè Aládé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí oko kòkó àti oko àgbàdo ti wà ní ẹsẹ̀ àwọn òkè àpáta tí ewéko bò lórí.

Orúkọ

Lẹ́tà mẹ́ta tí ó wà nínú LEA dúró fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí "èyí tí ó pọ̀ yanturu nígbà tí ọlẹ̀ ń parí ìdàgbàsókè rẹ̀". Ọlẹ̀ níhìn-ín ni ohun ọ̀gbìn kékeré tí ó wà ní ìká inú irúgbìn, èyí tí yóò di gbòǹgbò, igi àti ewé lọ́jọ́ iwájú. Orúkọ náà sọ ìgbà tí a kọ́kọ́ rí àwọn purotéènì yìí, kò sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, nítorí pé a kò tíì mọ iṣẹ́ wọn nígbà tí a sọ wọ́n lórúkọ. Láti ìgbà náà ni a ti rí wọn nínú gbòǹgbò, nínú ewé, àti nínú ara àwọn ẹranko kan tí kò ní irúgbìn rárá, síbẹ̀ orúkọ àkọ́kọ́ ni ó mọ́ wọn lára.

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo, gbẹ, ni a ń lò fún ohun méjì tí ẹ̀kọ́ yìí yà sọ́tọ̀. Bí a bá ní igi kan gbẹ, ohun tí a ń sọ ni pé ó ti kú. Bí a bá ní àgbàdo gbẹ, ohun tí a ń sọ ni pé ó ti tó kó pa mọ́, pé yóò sì ṣeé gbìn. Gbígbẹ tí ó jẹ́ ikú àti gbígbẹ tí ó jẹ́ ìpamọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kó pọ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn sì ni ìwádìí nípa LEA dá lé lórí.

Ìtàn ìwádìí

Ara irúgbìn òwú ni a ti kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn purotéènì yìí. Leon Dure àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Georgia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń wo bí purotéènì inú irúgbìn òwú ṣe ń yí padà láti ìgbà tí ó ti tutù títí di ìgbà tí ó gbó. Ní 1981 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn purotéènì kan wà tí kì í pọ̀ títí di ìgbà tí irúgbìn bá kù díẹ̀ kí ó gbẹ, tí wọ́n á sì wá pọ̀ lójijì. Lẹ́yìn náà ni a rí irú wọn nínú ọkà bálì, àlìkámà, ìrẹsì àti àgbàdo. Ní 2008, àwọn olùwádìí ka jíìnì LEA nínú Arabidopsis, ewéko kékeré tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àpẹẹrẹ nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì rí 51, èyí tí wọ́n pín sí ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ yìí, tí à ń pè ní dẹhádíríìnì, ni ó gbajúmọ̀ jù, nítorí pé a máa ń rí i nínú ewé tí ọ̀dá tàbí òtútù bá mú, láìdúró de ìgbà irúgbìn.

Bí wọ́n ṣe rí

Ẹni tí ó bá ti se ẹyin rí mọ ohun tí iná máa ń ṣe sí ọ̀pọ̀ purotéènì: omi ẹyin a dì, a sì funfun, kò sì ní padà sí bí ó ti wà mọ́. Ìdí ni pé purotéènì jẹ́ okùn gígùn tí a ká ní ọ̀nà kan pàtó, ìká náà ni ó sì ń fún un lágbára láti ṣiṣẹ́. Ooru a máa tú ìká náà, àwọn okùn tí ó tú a sì wé mọ́ ara wọn. Purotéènì LEA kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá se omi tí a fún jáde láti inú irúgbìn, púpọ̀ nínú àwọn purotéènì yòókù yóò dì, wọn yóò sì rì sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n LEA yóò wà nínú omi bí ó ti wà. Ọ̀nà tí ó rọrùn yìí ni ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí fi ń ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tí ó fà á ni pé LEA kò ní ìká tí iná lè tú. Àwọn ásíìdì amínò tí ó fẹ́ràn omi ni ó pọ̀ lára wọn, nítorí náà nígbà tí omi bá wà, wọ́n á kàn nà gbọọrọ nínú rẹ̀ láìní ìrísí kan pàtó. Èyí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu, nítorí ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ ń kọ́ni fún ìgbà pípẹ́ ni pé purotéènì tí kò ní ìrísí kò lè níṣẹ́. Nígbà tí omi bá ń lọ ni ọ̀pọ̀ nínú LEA máa ń wá ká ara wọn jọ bí okùn tí a lọ́. Lọ́rọ̀ kan, ohun tí ó ń ba ìrísí àwọn purotéènì mìíràn jẹ́ ni ó ń fún àwọn wọ̀nyí ní ìrísí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe

Láti mọ iṣẹ́ wọn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí gbígbẹ ń ṣe sí sẹ́ẹ̀lì. Omi ni ó kún inú sẹ́ẹ̀lì, òun ni ó sì ń jẹ́ kí àwọn ohun inú rẹ̀ jìnnà sí ara wọn. Bí omi bá ti ń dínkù, sẹ́ẹ̀lì á súnkì, àwọn purotéènì á máa kan ara wọn, wọ́n á sì lẹ̀ pọ̀ di odidi tí kò wúlò. Awọ tín-ín-rín tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká á fà ya tàbí kí ó lẹ̀ mọ́ awọ mìíràn, nígbà tí omi bá sì padà dé, ohun inú sẹ́ẹ̀lì á tú jáde. Ìdí nìyí tí ewé ẹ̀fọ́ tí ó ti gbẹ kì í fi í tutù padà bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi. Ó lè rọ̀, ṣùgbọ́n kì í yè.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ mọ́ LEA ni yíya àwọn purotéènì yòókù kúrò lára wọn. A lè fi wé iṣẹ́ tí ewé ń ṣe fún ẹ̀kọ: bí ẹ̀kọ ti pọ̀ tó nínú agbọ̀n, ewé kò ní jẹ́ kí ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde nínú èyí tí wọ́n gbẹ omi kúrò lára ẹ́ńsáìmù kan. Nígbà tí ẹ́ńsáìmù náà dá wà, ó lẹ̀ pọ̀, ó sì bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n fi LEA sí i, ìlẹ̀pọ̀ náà dínkù gan-an.

Àwọn LEA mìíràn a máa dáàbò bo awọ. Nínú irúgbìn ẹ̀wà òyìnbó tí à ń pè ní pííì, a rí ọ̀kan tí ibùgbé rẹ̀ wà nínú mitokọ́ńdíríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sọ oúnjẹ di agbára. Bí ọlẹ̀ bá ti ń gbẹ, LEA náà á ká ara rẹ̀ jọ, á sì wọ inú awọ mitokọ́ńdíríà lọ bí igi tí a fi ró ògiri. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń di àwọn èròjà oníyọ̀ mú, nítorí pé bí omi bá ti ń dínkù ni iyọ̀ inú sẹ́ẹ̀lì ń le sí i.

LEA kì í dá ṣiṣẹ́. Ṣúgà ni alájọṣe wọn tí ó tóbi jù. Bí irúgbìn bá ń gbó, ṣúgà bíi súkírósì àti ráfínósì á pọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí omi bá sì ti lọ, ṣúgà yìí kì í di hóró bí iyọ̀. Ó máa ń dì gbagidi, á sì mọ́ kedere, bí súìtì líle tí àwọn ọmọdé ń lá. Nínú irú ohun dídì bẹ́ẹ̀, ohunkóhun kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn, ìbàjẹ́ pàápàá kì í rìn. LEA wà láàárín ṣúgà náà, wọ́n sì ń mú un le sí i. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní irú ipò yìí kò mí dé ibi tí a lè fojú rí, kò jẹun, kò sì dàgbà, ṣùgbọ́n kò kú. Irúgbìn ọ̀pẹ déètì kan tí a wú jáde ní Masada, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 ọdún, hù ní 2005, ó sì di igi.

Ìgbà tí wọ́n ń dé àti ìgbà tí wọ́n ń lọ

Họ́mọ̀nù kan tí à ń pè ní ábísísíìkì ásíìdì ni ó ń ránṣẹ́ sí àwọn jíìnì LEA. Nígbà tí irúgbìn bá ti kó oúnjẹ tí ó tó jọ, họ́mọ̀nù yìí á pọ̀, ó á dá ọlẹ̀ dúró kí ó má tètè hù, á sì jí àwọn jíìnì náà. Bí àṣẹ yìí bá kùnà, irúgbìn á hù lórí igi tí ó ti so. A mọ irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, tí hóró rẹ̀ máa ń hù nígbà tí ó ṣì wà lórí ṣúkù.

Nígbà tí irúgbìn bá mu omi, tí gbòǹgbò sì yọ, LEA á pòórá láàárín ọjọ́ díẹ̀, agbára àti fara da gbígbẹ á sì bá wọn lọ. Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo sí òjò àkọ́rọ̀ mọ àbájáde èyí dáadáa. Bí òjò kan bá rọ̀, tí àgbàdo hù, tí ọ̀dá sì tẹ̀ lé e, ọ̀gbìn náà ti run, ó di dandan kí a tún un gbìn. Ṣùgbọ́n hóró tí omi kò tíì kàn nínú ilẹ̀ kan náà yóò dúró de òjò tí ń bọ̀. Láti ojú ìwòye LEA, ohun ọ̀gbìn kan náà ni méjèèjì. Ọ̀kan ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ ni, èkejì kò tíì bọ́ ọ.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín kí a má fi ìfaradà ọ̀dá pe ìfaradà gbígbẹ. Ẹ̀gẹ́ máa ń fara da ọ̀dá nípa gbígbọn ewé rẹ̀ dànù kí omi inú igi má baà tán. Ìyẹn ni pé ó ń sá fún gbígbẹ. Bí igi ẹ̀gẹ́ bá gbẹ tán pátápátá, kò sí ohun tí òjò lè ṣe fún un.

Ewéko àjíǹde ní Òkè Ìdànrè

Ewéko díẹ̀ ni ó ní agbára àti gbẹ tán kí ó sì tún yè nínú ewé àti igi rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní ewéko àjíǹde. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Afrotrilepis pilosa, ìbátan ọ̀fíọ̀, tí ó máa ń tẹ́ bí ẹní sórí àpáta lásán. Ìdí ewé rẹ̀ àtijọ́ a máa kó jọ di igi kúkúrú, erùpẹ̀ á sì rọra péjọ sí àárín wọn títí àwọn ewéko mìíràn yóò fi rí ibi ta gbòǹgbò. Òun ni aṣáájú: ibi tí kò bá sí, òkúta lásán ni ó sábà máa ń wà.

Òkè Ìdànrè wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣe ìwádìí tí ó jinlẹ̀ nípa irú ewéko bẹ́ẹ̀. Ní 1957, P. W. Richards, onímọ̀ ewéko ará Bìrìtìkó tí ó kọ ìwé ńlá nípa igbó kìjikìji, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nínú Journal of Ecology nípa àwọn ẹgbẹ́ ewéko tí ó wà lórí àwọn òkè náà. Ní 1961, D. J. Hambler ṣàlàyé nínú Nature pé nígbà tí Afrotrilepis bá gbẹ, kì í ṣe omi nìkan ni ó ń pàdánù. Àwọ̀ ewé tí ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn pàápàá á lọ, bí omi bá sì dé, á tún un ṣe lákọ̀tun. Nígbà náà ìwọ̀nba ni àwọn ewéko olódòdó tí a mọ irú èyí mọ̀. Ní 1964, Hambler tún kọ̀wé lórí ewéko orí àpáta ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Èyí ni ó fà á tí àpáta Ìdànrè fi ń pa àwọ̀ dà. Nígbà ọyẹ́, ẹní ewéko náà a máa rí bí koríko tí iná jó, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti kú. Lẹ́yìn òjò díẹ̀, ó ti tutù yọ̀yọ̀.

Nínú àwọn ewéko àjíǹde mìíràn tí a ti yẹ jíìnì wọn wò, a rí i pé LEA pọ̀ nínú ewé wọn nígbà tí ó bá ń gbẹ. Láti 1990 ni ẹgbẹ́ Dorothea Bartels ní ilẹ̀ Jámánì ti fi èyí hàn nínú Craterostigma plantagineum, ewéko kékeré kan láti Áfíríkà. Ní 2017, àwọn olùwádìí, tí Jill Farrant ti Yunifásítì Cape Town wà lára wọn, tẹ odidi jíìnómù Xerophyta viscosa ti Gúúsù Áfíríkà jáde. Ohun tí ó hàn ni pé ewé tí ó ń gbẹ náà ń lo ọ̀pọ̀ jíìnì tí irúgbìn ń lò. Jíìnì wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì. Àgbàdo àti ẹ̀wà ní wọn. Ohun tí ewéko àjíǹde ṣe ni pé ó mú ohun tí ó wà fún irúgbìn, ó sì ń lò ó nínú ewé.

Lára ẹranko

A kò retí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2002 a rí LEA nínú aràn tín-ín-rín kan tí ń gbé inú ilẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó kan Nàìjíríà ni Polypedilum vanderplanki, kòkòrò kan tí ó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí kì í jẹni, tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú ihò omi kéékèèké orí àpáta ní àríwá Nàìjíríà. H. E. Hinton fún un ní orúkọ ní 1951. Bí ihò náà bá gbẹ, ìdin náà á gbẹ pẹ̀lú rẹ̀, á sì jí nígbà tí òjò bá rọ̀. LEA àti ṣúgà tiréhálósì ni ó ń lò, gẹ́gẹ́ bí irúgbìn ṣe ń lo tirẹ̀.

Kòkó àti àwọn irúgbìn tí kò gbọdọ̀ gbẹ

Ní 1973, E. H. Roberts pín irúgbìn sí oríṣi méjì: àwọn tí ó gba gbígbẹ, bí àgbàdo, ẹ̀wà, ilá àti ìrẹsì, àti àwọn tí ó kọ̀ ọ́. Kòkó, obì àti orógbó wà lára àwọn tí ó kọ̀ ọ́. Àwọn tí ń ta obì ti mọ èyí tipẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ewé tútù dì í nínú agbọ̀n, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ewé náà. Irúgbìn kòkó kì í dúró kí ó gbẹ. Bí igbó rẹ̀ bá pẹ́ jù, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú pódi. Nínú igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù ní gbogbo ìgbà, kò sí àǹfààní tí ó wà nínú dídúró.

Kì í ṣe pé gbogbo irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ kò ní LEA. A rí dẹhádíríìnì nínú irúgbìn igi óòkù ti ilẹ̀ òyìnbó, tí òun náà kì í gba gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí i nínú ti Avicennia marina, igi etí òkun kan. Nítorí náà LEA nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, ó gbọ́dọ̀ dé lásìkò, ṣúgà àti àwọn ààbò mìíràn sì gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Kòkó tí a ń sá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Aládé àti Odòdé kì í ṣe irúgbìn mọ́. Ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí a ti bò ó kí ó lè kan, kí a tó sá a títí omi inú rẹ̀ fi kù nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Ó dára fún ọjà, kò dára fún gbígbìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin kòkó ní láti fi irúgbìn tútù ṣe é, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí a bá ti yọ ọ́ nínú pódi. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní nǹkan bí 1880 nígbà tí J. P. L. Davies dá oko kòkó sí Ìjọ̀n lẹ́bàá Agége, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí lónìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ìpamọ́ irú. Ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ní oríṣi ẹ̀wà tí ó ju 15,000 lọ nínú ilé ìpamọ́ irúgbìn rẹ̀. A gbẹ wọ́n, a sì kó wọn sínú òtútù líle. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. IITA tún fi ẹ̀dà irúgbìn ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ àgbáyé ní Svalbard, ní ilẹ̀ Nọ́wè, nígbà tí a ṣí i ní 2008. A kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún kòkó, nítorí gbígbẹ yóò pa á, òtútù náà yóò sì pa á. Igi tí ó wà láàyè nínú oko ni ilé ìpamọ́ kòkó. Àjọ ìwádìí kòkó CRIN ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, ń tọ́jú tirẹ̀ lóko. Ti Trinidad, tí ó wà lára èyí tí ó tóbi jù lágbàáyé, ní oríṣi tí ó ju 2,000 lọ. Iná oko, àrùn tàbí ilẹ̀ tí a gbà kọ́lé lè mú irú kan kúrò láìsí ẹ̀dà rẹ̀ níbikíbi. Àrùn ọlọ́jẹ̀ tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí a kọ́kọ́ rí ní Gánà ní 1936, ni a ṣì ń gé igi nítorí rẹ̀, igi ògbólógbòó tí àgbẹ̀ kan ń gé lónìí sì lè ní ohun tí àwọn tí ń ṣe irú tuntun yóò máa wá lọ́la.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti gbé jíìnì LEA láti inú ohun ọ̀gbìn kan sí òmíràn. Ní 1996, ní Yunifásítì Cornell, wọ́n fi jíìnì HVA1 ti ọkà bálì sínú ìrẹsì, ìrẹsì náà sì fara da àìtó omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di ewéko àjíǹde. Ní ti kòkó, ọ̀nà tí ó ti mú èso wá jù títí di ìsinsìnyí kì í ṣe ti jíìnì. Ní Yunifásítì Reading, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú ọlẹ̀ kòkó tí a fi sẹ́ẹ̀lì òdòdó rẹ̀ ṣe nínú ìgò, wọ́n fi ṣúgà púpọ̀ bọ́ ọ kí ó tó gbẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kó o sínú naitirójìn olómi ní −196 °C. Àwọn kan nínú wọn yè nígbà tí a yọ wọ́n jáde, wọ́n sì hù di igi kòkó.